Ìkòkò Àsèjẹ Tí Mo Ń Dá Sè Lẹ́yìn Àká

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ti darúgbó, ìtìjú ò rí mi gbé ṣe mọ́. Nígbà tí mo gbé ìyàwó ní Òmù-Àrán, n kì í pẹ́ lórí obìnrin. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti parí. Bí mo bá sì ti parí, inú á bí mi sí ara mi, màá dìde fùú, màá ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wo? Ewúrẹ́ ti sùn!

Ayé ìgbà náà ò rójú. Àwọn ẹlẹ́ṣin ajínigbé lè yọ nígbàkigbà, nítorí náà à ń kánjú jẹun, à ń kánjú kọ ebè, a kì í fojú méjèèjì sùn. Bóyá ibẹ̀ ni àìsàn náà ti wọ̀ mí lára, n ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún kejì ń lọ, ìyàwó mi kì í bá mi rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìsánlú-Ìsin.

Mo wá oògùn kiri. Egbò igi tí wọ́n ní kí n rẹ sínú omidùn, inú ló fi run mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sáré lọ sí ààtàn. Mo so ìgbàdí mọ́ ìdí, ó kàn ń yún mi lásán. Níkẹyìn mo dé ọ̀dọ̀ bàbá oníṣègùn kan ní Òkè-Onígbìn. Ó fún mi ní ẹ̀lú, oògùn gígún tí màá fi se àsèjẹ, ọbẹ̀ oògùn tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sè, tí obìnrin ò gbọdọ̀ tọ́ wò.

Ó tún ní, “Bí o bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ń bọ̀, dúró. Mí kanlẹ̀. Bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ títí ara yóò fi rọ̀ ọ́, kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ta ló rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá gba ọ̀rọ̀ ẹnu? Oògùn rẹ̀ nìkan ni mo gbé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọbẹ̀ ẹran ẹtu sè lẹ́yìn àká nìyẹn, tí mo ń lé ìyàwó mi bí ẹni ń lé adìẹ. Háà, èmi òmùgọ̀! Ta ni ò mọ̀ pé ọkùnrin tó bá ń dáná ní kọ̀rọ̀, obìnrin mìíràn ló ń soògùn sí? Ní ọjọ́ kẹta mo ti oko dé, ẹní rẹ̀ ti lọ.

Mo sáré tẹ̀ lé e dé ilé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ilé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, “Ọmọ mi ní o ń soògùn láti fẹ́ ẹlòmíràn. Kí ló wà nínú ìkòkò?”

Bí mo bá dákẹ́, ìyàwó lọ. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo Ìsin á gbọ́.

Mo ní, “Bàbá, èmi gan-an ni aláìsàn. Bí mo bá sún mọ́ ìyàwó mi, kíá ló ń tán lára mi. Àìsàn náà ni mo ń wò.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àgbà kan wúkọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé ẹrù ọmọ òun jáde fún mi.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi yíjú sí mi. “Ṣé nítorí ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sá kúrò lára mi?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dúró, ó bú sẹ́kún. “Àtìgbà tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń fi osùn àti ewé olóòórùn dídùn wẹ̀. Mo rò pé ara mi ló ń rùn.”

Ìgbà náà ni mo tó rántí ọ̀rọ̀ ẹnu tí mo fi sílẹ̀ ní Òkè-Onígbìn.