Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Bọ̀ Lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló fi rán mi dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Àlàbá, ilé rẹ̀ wà ní Okokomáíkò. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́ ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ṣì ń gbé.

Láàárọ̀, kí n tó jáde, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ilé. Kì í tètè dá mi lóhùn. Á kọ́kọ́ fi pákò fọ ẹnu tán, á wá fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, á ní, "Dìde, wàá pẹ́." Inú máa ń bí mi, torí iyanrìn máa ń lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí sórí rédíò láti ṣàlàyé ìdí tí gbogbo nǹkan fi gbówó lórí, ẹ̀gbọ́n mi á tan gbogbo rédíò tó wà ní ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àbúrò mi nìyẹn o! Ẹ gbọ́ gírámà!"

Gírámà yẹn ló gbé mi dé inú òṣèlú, òṣèlú ló sì sọ mí di mínísítà. Mo kó lọ. Ó lé lọ́dún kan tí n kò yọjú sí Okokomáíkò. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, a wá ṣí báńkì kékeré kan ní Ìbà. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ wà nílẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi níwájú èrò, nínú agbádá tó fi ṣègbéyàwó. Àwọn oníkámẹ́rà ń wò mí, aṣọ mi sì funfun. Mo na ọwọ́, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba fún mi. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà." Mo kọjá lọ.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà tú ìjọba wa ká, mo padà sí Okokomáíkò, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ilé yẹn. Kíá ni ẹ̀gbọ́n mi sọ pákò nù, ó fà mí lápá. "Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yín." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó ní kí ìyàwó òun gbé àga tó dáa wá fún mi. Kò fi mí ṣẹ̀sín rárá, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé láti ọjọ́ Ìbà, bí ohùn mi bá ti jáde lórí rédíò, ṣe ló máa ń dìde dúró.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ. Kò jẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé àyà lé sìmẹ́ǹtì, n kò dìde. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ kan kàn mí lẹ́yìn. Mo gbórí sókè kíá. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá báni kẹ́dùn ni.

"Ẹ dìde, sà," ló wí.