Ẹgbẹ̀rún Ọmọ Igi Tó Ń Retí Ọ̀gá Ńlá

Ìtàn ẹranko pọ̀ lẹ́nu mi, àmọ́ ti àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Agbingi.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́ ọmọ igi ní ọgbà ìjọba. Á bu erùpẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, á fi ìka lu ihò sí i, á ju kóró kan síbẹ̀, á wá máa wọ́n omi sí i bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé àwọn igi ló gbé níyàwó, pé òun kàn ń bá wọn se oúnjẹ ni.

Ẹ̀yìn ilé wọn ni kòtò àgbàrá wà. Nígbà tí wọ́n kọ́lé, ó jìnnà. Òjò dé, ó jẹ ilẹ̀ díẹ̀. Òjò mìíràn dé, ó gbé balùwẹ̀ lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló kù kó kan ilé ìdáná. Agbingi mọ̀ pé bí igi bá ta gbòǹgbò sí etí rẹ̀, ilẹ̀ náà á dúró.

Ọdún yẹn ni wọ́n sọ pé àwọn olórí gbogbo ayé ti pàdé, pé ayé ń gbóná jù, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé pé ìjọba kọ̀ọ̀kan yóò gbin igi. Kòtò tiwa wà nínú ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀. Inú àbúrò mi dùn débi pé kò rántí wọ bàtà kó tó sáré wá sílé mi. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ní kó tọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn ọmọ igi náà ti ga dé orúnkún. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àkókò ti tó. Ọ̀gá ní rárá, ọ̀gá ńlá láti olú ìlú ló gbọ́dọ̀ gbin ti àkọ́kọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀dà kun ṣọ́bìrì tí yóò fi gbìn ín. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n yẹ ọjọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ńlá ti lọ sókè òkun, ọ̀rọ̀ igi náà ló lọ sọ. Gbòǹgbò ti ń ya náílọ́ọ̀nù.

Mo ní, "Gbé ogún níbẹ̀, kó o gbìn ín sẹ́yìn ilé rẹ. Ta ló máa kà á?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á kà á. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé nọ́ńbà ló máa di ilẹ̀ mú fún ọ?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbin ogún. Èmi ni mo bá a pọnmi.

Ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá rẹ̀ dé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà àwọn igi náà sí. Kò pariwo. Ó ní bó bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó hú wọn kíá, ọkọ̀ ń dúró. Àbúrò mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì í, ọ̀gá sì ń kán an lójú, kò dí ihò kankan.

Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn bá ogún ihò nílẹ̀, wọ́n tò bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ sílẹ̀ dè é. Omi wọnú wọn, ilẹ̀ là. Ní ọ̀sán gangan, ilé ìdáná lọ, yàrá ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyàwó náà wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, kò bá a lọ. Ó lọ bá ọmọ wọn tó ń gbé nílùú mìíràn, kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tí òjò dá pátápátá ni ọ̀gá ńlá dé. Mọ́tò rẹ̀ kò lè dé etí kòtò, ó gbin igi kan síwájú ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ìyókù gbẹ sínú náílọ́ọ̀nù wọn.

Wọ́n gbé ìwé wá bá àbúrò mi kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún igi ti wọlẹ̀. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí mo hú ogún yẹn ló yẹ kí n ti kọ̀."

Mo bu oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́.