Ohun Tí Àwọn Èrò Kọ Nípa Ọkọ̀ Wa

Bàtà gogoro ni mo wọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti fi gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkejà, bàtà gogoro ni wọ́n sì fi kọ́ wa níbẹ̀. Nígbà tí mo dé èbúté Ìbeṣe láàárọ̀ Sátidé yẹn, wọ́n fi mí han awakọ̀ wa, ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Wàsíù. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo àwọn pákó èbúté tí àlàfo wà láàárín wọn, ó ní, "Ìyá Tóbi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wọkọ̀ lónìí ni, àbí bàtà yín?"

Mo bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi gba èrò méjìlélógún lọ́jọ́ náà.

Ilé-iṣẹ́ kékeré ni. Ọkọ̀ méjì péré la ní, funfun báláú, ìjókòó mẹ́rìnlélógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìmùtìmù rírọ̀ lórí gbogbo ìjókòó, abọ́ tańganran, ife onígíláàsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré lọ sí Èkó láàárọ̀ ní ọkọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́ ló ń wá bá wa, ní Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ọdún. A máa ń gbéra láago mẹ́sàn-án, a ó gba ojú ọ̀sà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ó dúró ní Ẹ̀jìnrìn kí èrò lè rí etí omi tí ọjà àtijọ́ wà, a ó jẹun ọ̀sán ní Ẹ̀pẹ́, a ó sì padà sí Ìbeṣe kí oòrùn tó wọ̀.

Obìnrin tó dá a sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní báńkì rí. Màdáámù là ń pè é. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́ ni pé, "Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ló lè gbé èèyàn dé Ẹ̀pẹ́. Ìjókòó làwa ń tà." Mo gbà á gbọ́, torí èmi náà mọ bí ìjókòó ṣe ń wu èèyàn. Fún ọdún mẹ́tàlá, ìdúró ni mo fi ń dúró ní Gárééjì Ìkòròdú, tí mo ń fi ìgúnpá wá àyè nínú bọ́ọ̀sì kí n lè dé Ìkejà.

Iṣẹ́ mi ni kí n gba èrò wọlé, kí n fún wọn lóhun mímu, kí n dáhùn ìbéèrè, kí n sì gbé ìwé fún wọn nígbà tí a bá ń padà bọ̀ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí síbẹ̀. Ìwé Èrò la kọ sára rẹ̀. Bàbá Wàsíù bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé èrò inú ọkọ̀ ni àbí èrò inú orí. Mo ní méjèèjì.

Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń kọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ibẹ̀, mo da zóbò sí agbádá funfun ẹnjiníà kan lára nígbà tí ọkọ̀ yà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Ohun tó kọ ni pé, "Zóbò náà dùn. Agbádá mi náà mu ún." Obìnrin kan kọ ọ́ pé ojú omi dákẹ́ jù, ká wá orin sí i. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ ọ́ pé ká pa orin, torí ariwo ló sá fún nílé. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní ẹ́sítéètì lẹ́bàá wa kọ ọ́ pé ó ti pé ọdún méjìlélógún tí òun ti ń gbé Ìkòròdú, òun ò sì mọ̀ pé omi tó tó báyìí wà lẹ́yìn ilé òun. Mo fẹ́ràn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè la máa ń jókòó sí ọ́fíìsì kékeré tó wà létí èbúté, èmi á kà á sókè, Màdáámù á fa ìlà sídìí ohun tó bá yẹ ká tún ṣe.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù olómi-ọsàn tó nípọn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì ni. Gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń rùn, pé ó ń rún aṣọ léèsì, pé ó ba fọ́tò jẹ́. Obìnrin kan kọ ọ́ pé òun dà bí àpò gààrí nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí irú ọ̀rọ̀ yìí ń jáde, Màdáámù fa ìlà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí a bá ti kúrò létí èbúté tán, kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, kí n kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kí n sì tì í kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má bàa máa gbá bí ìgbì bá dé.

Bàbá Wàsíù ní, "Màdáámù, omi nìyí o."

Màdáámù ní, "Mo mọ̀ pé omi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọkọ̀ wa ló sọ ohun tí wọ́n fẹ́."

Wọ́n wo ojú mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù di ti àpò épírónì mi. Oṣù márùn-ún la fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé kún fún ìyìn, mo sì ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀ pé ohun tí a ń ṣe ò dáa.

Sátidé kan lákòókò òjò, ìdílé kan gba odidi ọkọ̀. Ìyá wọn, Alhaja Mòríná, pé ẹni àádọ́rin ọdún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ìkòròdú ló ń gbé, ṣùgbọ́n Ẹ̀jìnrìn ni wọ́n bí i sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta àti àwọn ẹbí fẹ́ gbé e lọ wo ìlú rẹ̀ láti ojú omi. Nígbà tí mo ń gba láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di tirẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí n bọ́ ọ?"

"Ẹ má bínú, mà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ara lè tù yín."

"Ara tù mí. Ṣé a ti dé ni?"

"A ò tíì dé, mà."

"Tó bá yá tí a dé, màá bọ́ ọ."

Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dáúdà, àkọ́bí rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ nítorí fọ́tò. Alhaja yíjú sí omi. Nínú ọkàn mi, mo ní ìyá yìí máa yọ wá lẹ́nu lónìí.

A ti kọjá Ẹ̀jìnrìn díẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Atẹ́gùn dé kí òjò tó dé. Ó kó koríko orí omi, èyí tí òjò máa ń ti wá gbàrà-gbàrà, ó dà á sí iwájú wa. Bàbá Wàsíù gbìyànjú láti yà fún un, ṣùgbọ́n ó ti gbòòrò jù. Koríko wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí lábẹ́ omi. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́.

Ọkọ̀ tí ò lẹ́ńjìnnì kì í lè kọjú sí ìgbì. Tiwa fẹ̀gbẹ́ sí i. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé wa, ó fi wá sílẹ̀, gbogbo abọ́ sì dà sílẹ̀, wọ́n fọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Láìfù jákẹ́ẹ̀tì dà?" Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn dìde, wọ́n rọ́ lọ sẹ́yìn ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rì wálẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Mo wà láàárín wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Mo ki í bọ ihò, ó yọ̀. Mo tún ki í lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan gbá mi nígúnpá, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ sáàárín àwọn àfọ́ abọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ wá a. Bàbá Wàsíù ń pariwo pé kí wọ́n kúrò lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ìgbà náà ni Alhaja dìde ní ìjókòó rẹ̀ níwájú, ó di irin mú.

"Ẹ jókòó! Gbogbo yín! Dáúdà, padà síbi tó o wà! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde títí màá fi sọ̀rọ̀!"

Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ilé, tí wọ́n ní mọ́tò, gbogbo wọn padà sí ìjókòó wọn bí ọmọ kíláàsì kejì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gbéra sókè. Mo rí kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ àwo kan tó ti là sí méjì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ń ju àwọn ẹ̀wù náà síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Wàsíù mú àdá, ó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń gé koríko lábẹ́ omi. Ó ń gé e, òmíràn ń wé. Àwọn apẹja Ẹ̀jìnrìn ló yọ wá. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mẹ́ta ni wọ́n gbé wá sínú òjò náà, wọ́n so okùn mọ́ wa, wọ́n sì fà wá dé etí omi Ẹ̀jìnrìn.

Ẹnikẹ́ni ò fara pa, àfi ìka mi tí àfọ́ abọ́ gé. A jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan títí òjò fi dá. Ará ìlú kan mọ Alhaja, ó ń pè é ní orúkọ ìgbà ọmọdé rẹ̀. Wọ́n sun ẹja fún wa. Nígbà tó ṣe, àwọn ẹbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ya fọ́tò pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn gbogbo wọn.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ìyìn ni. Wọ́n ní awakọ̀ wa akọni ni, pé àwọn ò ní gbàgbé ọjọ́ náà láé, pé ẹja Ẹ̀jìnrìn ò lẹ́gbẹ́. Alhaja nìkan ni ò gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á kọ tòun nílé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Dáúdà mú lẹ́tà kan wá. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, gbogbo àmì orí rẹ̀ pé, kò sí ẹyọ kan tó sá. Èmi ni mo kà á sókè:

"Ẹ̀yin aláṣẹ ọkọ̀, mo kí yín. Aago wà lọ́wọ́ mi. Ó gba obìnrin yín ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá bọ́ sómi ò ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Èmi tí mo ti lo ayé mi jù nínú wọn nìkan ló wọ ohun tó lè gbé mi léfòó. Oúnjẹ yín dára. Mi ò ní bá yín lọ mọ́."

Màdáámù ní ká fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ìyá náà, ká sì kọjá sí èyí tó kàn. Mi ò ṣí ojú ewé tó kàn.

Mo ní, "Màdáámù, mi ò ní lè gbà á lọ́wọ́ èrò mọ́."

"Kí lo sọ?"

"Láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, mà."

"Ṣé iṣẹ́ yìí ti sú ẹ ni?"

"Kò sú mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Bàbá Wàsíù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní, "Tí Ìyá Tóbi bá lọ, kẹ́ ẹ wá awakọ̀ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn."

Màdáámù ní kí n lọ sinmi nílé, òun á pè mí. Mo mọ ohun tí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Ọjọ́rú, ọkọ mi ní kí n má kàn jókòó máa wo fóònù. Mo wá wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé Alhaja Mòríná nínú ìlú Ìkòròdú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Dìde. Ṣé o mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe ò dáa kó tó di ọjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀, mà."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé. Ọmọ tí ò mọ ìdáhùn kì í bí mi nínú. Èyí tó mọ̀ ọ́n tí ò nawọ́ sókè, òun ló máa ń bí mi nínú."

Ó bu omi fún mi mu.

Lọ́jọ́ Fráídè, Màdáámù pè mí. Ó ní òun ti ka lẹ́tà yẹn títí, oorun ò kun òun, kí n padà wá sẹ́nu iṣẹ́. Mo tún gbọ́ pé Bàbá Wàsíù ti kọ̀ láti gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kàn. Mi ò mọ èwo ló ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, mi ò sì bi í. Ó ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tuntun, tó fẹ́lẹ́, tó mọ́, ó sì yọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dànù pátápátá. Àwọn èrò kan fi wá sílẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ìgbafẹ́ lòun sanwó fún, a wá di òun bí ẹrù. Màdáámù gbọ́ ọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kò fa ìlà sídìí rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀ mẹ́fà. Ó ju ẹ̀wù tí mo fún un sórí ìjókòó.

"Mi ò wọ̀ ọ́. Ṣé o mọ̀ mí?"

"Mi ò mọ̀ yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́."

"Tí mi ò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"A ò ní lọ, sà."

Mo wo Bàbá Wàsíù. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó mú ẹ̀pà sísè nínú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á jẹ. Èrò mẹ́rìndínlógún tó kù wo ọ̀gbẹ́ni náà, àwọn àlejò rẹ̀ náà wò ó. A wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ méjèèjì síta láìwo ojú mi, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo sì fa bẹ́líìtì rẹ̀ le.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi lọ tí a fi bọ̀. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ìlà kan ṣoṣo. Èmi ni mo kà á sókè ní Mọ́ńdè: "Ẹja yín dùn. Obìnrin inú ọkọ̀ yín le ju òkúta lọ."

Bàbá Wàsíù ní kí n tún un kà.