Ta Ni Yóò Bá Mi Yí Obì?

Bí mo bá ti rántí ọ̀sán ọjọ́ náà, oorun ló máa ń kọ́kọ́ kùn mí. Gbọ̀ngàn yunifásítì wa, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, fẹ̀ lọ salalu. Ọyẹ́ ti sọ ojú fèrèsé di funfun, fáànù òkè sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ọdọọdún la máa ń ṣe àpérò lórí ọrọ̀ ajé àti ètò ìjọba níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn á kà á jáde, àwọn èèyàn á bá a jiyàn, èyí tí wọ́n bá sì nawọ́ sí la ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀.

Lọ́dún yẹn, èmi ni mo ni ìmọ̀ràn. Mo ní kí wọ́n kó ọjà obì kúrò ní Sábó, ní Ṣàgámù, lọ sí ẹ̀bá títì márosẹ̀ ní Símáwà: ìsọ̀ oníbíríkì, ilẹ̀kùn onírin, kí olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́. Ìyá mi gan-an ni mo ń rò, torí obì gbànja ló ń tà ní Sábó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Páànù orí ìsọ̀ rẹ̀ ti lu, ó ń jò sí i lára. Mo ti ṣèlérí fún un pé yóò jókòó sábẹ́ òrùlé gidi kó tó darúgbó tán.

Mo pè é wá gbọ́ ọ. Ó wá tòun ti ìbòrí funfun àti bàtà tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, ó jókòó sí ìlà kẹta. Bí mo ṣe ń kàwé náà, ọ̀nà jíjìn ni ohùn ara mi ti ń bọ̀ wá sí mi létí. Àwòrán ìsọ̀ tuntun ń yọ lójú ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ti ń pàtẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, orí mi wú.

Alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kí a tó dìbò. Ìyá mi dìde. Wọ́n gbé máíkì fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́," ó wí. Èmi ló ń kí. Ìyá tó bí mi ló ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, nítorí ibi tí mo dúró sí. "Ìsọ̀ yín dára. Ilẹ̀kùn ẹ̀ náà dára. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mi ò bá wá, tí kọ́kọ́rọ́ ti bá mi lọ sílé, ta ni yóò bá mi yí obì?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi kò rí ẹ̀rín rín, torí mo mọ ohun tó ń wí. Obì inú agbọ̀n a máa làágùn. Bí a kò bá ṣí i, kí a pààrọ̀ ewé tí a fi tẹ́ agbọ̀n, kí a yí tìsàlẹ̀ sókè, kí a ṣa èyí tó ti ń rà kúrò, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ní Sábó, ìsọ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó wá ló ń yí obì ẹni tí kò wá. A kì í bẹ̀ ẹ́, a kì í sì í dúpẹ́. Nígbà tí ìyá mi bí mi, ogójì ọjọ́ ni kò fi jáde. Ìgbà tó padà débẹ̀, obì rẹ̀ tutù minimini nínú ewé tuntun. Èmi náà yí ti oníkálùkù lẹ́yìn ilé ìwé, nínú òórùn ewé tútù, tí ọjà á dákẹ́ lẹ́yìn ìrun àsárì, tí n óò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ lórí agbọ̀n.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi wọn ilẹ̀, mo wọn ògiri, n kò bi ẹni tó bí mi léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Alága ní kí n fèsì. Ìdáhùn kan tó dán ti wà lẹ́nu mi, nípa àwọn ọlọ́dẹ tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kejì. Mo wá wo ojú ìyá mi. Kò bá mi jà rárá. Ó ń béèrè ni, ó sì dá a lójú pé ọmọ òun á ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

"Mi ò rò ó, Ìyá," mo wí. Mo ní kí wọ́n má dìbò, kí wọ́n dá ìwé mi padà fún mi.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní kí n kọ́kọ́ yà sí Sábó. Ẹnì kan ti ṣí agbọ̀n rẹ̀, ó ti pààrọ̀ ewé. Ìyá mi wò ó fìrí, ó kọjá sí ìsọ̀ kejì tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Bọ́ kóòtù ẹ," ó wí, "kóo mú apá ibẹ̀ yẹn."

Mo bi í pé obì ta ni.

"Ẹni tí kò wá ni."

A jọ ń yí i. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ojú ọ̀run láti inú ihò páànù ìsọ̀ ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èyí tí mo ti ṣèlérí pé yóò di ìgbàgbé; ìyá mi sì ti padà síbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n rẹ̀ kúrò lábẹ́ ihò náà, bó ṣe máa ń ṣe, bí kò tilẹ̀ sí òjò.