Ẹran Orí Ààrò Èṣùgbàyí

Ẹran pọ̀ nílé Ọmọ́ṣaléwá. Ohun tó ń dunni jù níbẹ̀ nìyẹn. Èṣùgbàyí ọkọ rẹ̀ ni ọdẹ tí gbogbo ìlú Odomẹta mọ̀, òyà àti ẹtu yíyan kì í sì í tán lórí ààrò rẹ̀, àní lọ́dún òmìnira tí àwọn Faransé kó ẹrù wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ ló ń jẹ ẹran, àwọn àgbà a tẹ̀ lé e, àwọn ọmọdé a máa fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀kọ.

Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá já Ṣẹ̀hìndèmí, àkọ́bí rẹ̀, lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà díẹ̀ lọmọ náà ń jẹ. Ìyá ọkọ ní ẹ̀wà ń wú ọmọdé níkùn, kí wọ́n má fún un mọ́. Ọmọ́ṣaléwá kì í gbó ìyá ọkọ lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀wà lọ́wọ́ ọmọ. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ wú, irun rẹ̀ pọ́n, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní Kétu. Clémence, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ojú ibẹ̀ sì jìn síbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn èròjà kan wà tí ara fi ń dàgbà, tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ wọ́n. Gbogbo wọn wà nínú ẹran, ẹja àti ẹyin. Àgbàdo nìkan kò ní wọn tó, ṣùgbọ́n èyí tí kò tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní in. Bí kò bá rí ẹran, kó máa fi ẹ̀wà ti ẹ̀kọ lẹ́yìn. Inú Ọmọ́ṣaléwá dùn, torí kò sí èyí tí kò sí nílé.

Ó délé, ó kúnlẹ̀, ó rò ó fún wọn. Ìyá ọkọ bèèrè pé ọmọ mélòó ni Clémence ti bí. Èṣùgbàyí ní ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹran, olè ni yóò yà. Inú bí Ọmọ́ṣaléwá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ló tún ń fún ọmọ, kí wọ́n má baà pè é ní aláìgbọràn. Ọmọ náà kú nígbà òjò, ẹtu sì wà lórí ààrò. Wọ́n ní àbíkú ni.

Nígbà tó já Oyèlékè, àbúrò Ṣẹ̀hìndèmí, lẹ́nu ọmú, Ọmọ́ṣaléwá dúró di ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń jẹun. Ó na ọwọ́ sínú àwo rẹ̀, ó mú ẹran tó tóbi jù, ó rún un, ó fi sí ọmọ lẹ́nu. Èṣùgbàyí gbójú sókè, ó bi í bóyá olè ló fẹ́ tọ́ fún òun.

“Ẹ jẹ́ kó jalè, bàbá Oyèlékè,” ló wí. “Èyí tí kò jalè ti wà nínú ilẹ̀.”