Abúlé Tí Uncle Ò Dé Rí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ́fíìsì ìjọba kan ní Downtown, àárín ìlú lókè òkun níbí, dá fọ́ọ̀mù bàbá tí mò ń tọ́jú padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì wa mọ́tò gbé e lọ síbẹ̀. Láti Lawrenceville tí à ń gbé! Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ ṣáá: ibi tí wọ́n kọ pé wọ́n bí i sí nínú ìwé kan kò bá ti ìwé kejì mu.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Ọmọ Ṣáínà ni bàbá yìí, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Uncle ni mo ń pè é. Màláyà ni wọ́n bí i sí, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn lọ, wọn ò kà á mọ́ tiwọn. Àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní ọmọ Ṣáínà ni, kì í ṣe tàwọn. Ṣáínà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó dàgbà, ó darúgbó, kò ní páásípọ́ọ̀tù ìlú kankan. Ìwé ìrìnnà tí yóò fi lọ wo àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń wá báyìí. Àìsàn dá ìyẹn dùbúlẹ̀ ní Màláyà, kò sì jọ àìsàn tó máa dúró de fọ́ọ̀mù.

Mo tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. "Uncle, ẹ kàn máa fọwọ́ sí i pé àṣìṣe ló wà nínú ìwé àtijọ́ yẹn ni. Ó parí."

Nínú ìwé àtijọ́ náà, abúlé kan ní Ṣáínà ni wọ́n kọ pé wọ́n bí i sí. Uncle ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ó nawọ́ sí àwòrán bàbá rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. "Bàbá mi ló kọ ọ́. Abúlé tiwọn ni. Wọn kì í ṣe òpùrọ́."

"Ta ló pè wọ́n ní òpùrọ́?"

"Ìwé tí o ní kí n fọwọ́ sí."

Orí mi gbóná. Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí n máa ṣe é jẹ́jẹ́. "Àbúrò yín ń kú lọ, ẹ jókòó ti abúlé tí ẹ ò dé rí!"

Kò bínú. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Ìsẹ́yìn," mo dáhùn kíá.

Irọ́ gbuu. Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos ni mo ti lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ kọ Jos sí fọ́ọ̀mù rí. Ìlú bàbá ẹni lèèyàn ń kọ, Ìsẹ́yìn ló sì wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi títí dòní. Mo jẹ́wọ́ fún Uncle. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kàn mi orí, ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ àbúrò rẹ̀ pè. Ó ní màmá òun ò lè jẹun mọ́, pé wọ́n ń béèrè ṣáá bóyá ẹ̀gbọ́n àwọn ti wọ bàálù.

Uncle ní kí n fún òun ní bírò. Bí mo ṣe gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Kọ́kọ́ gbé bàbá mi kúrò níbí."

Mo gbé àwòrán náà lọ sí kíṣìnnì, mo dì í mọ́ àyà. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú," mi ò sì mọ̀ bóyá bàbá Uncle ni mò ń bẹ̀ àbí bàbá tèmi.