Igi Ọ̀gágun

Iṣẹ́ rédíò ni bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe nínú ológun. Eríàlì tó wà lórí òpó wọn gbọ́dọ̀ máa rí èkejì rẹ̀ tó wà lórí òkè ọ̀hún. Tí nǹkan bá ti bọ́ sáàárín wọn, ọ̀rọ̀ á máa já.

Lọ́dún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n bú ọkọ mi. Ìgbà tó gun òpó ló tó rí i pé igi tí Ọ̀gágun fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló ti ga dí eríàlì lójú. Ta ló máa gé e? Pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àtìmọ́lé ni. Wọ́n bá fi irin kún òpó. Igi tún ga. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti fi irin kún un báyìí.

Inú bí mi. Mo ní, "Pẹ̀lú gbogbo ìbọn tẹ́ ẹ ní, igi lásán ló ń lé yín kiri! Kò tiẹ̀ lè gbẹ ni?"

Ó ń wolẹ̀. Ó ní, "Báwo ló ṣe fẹ́ gbẹ? Ojoojúmọ́ là ń bomi rin ín. Èmi ni mo ni ọjọ́ Ẹtì."